Àdùkẹ́, Wákàtí Mélòó Ni Láti Èkó Dé London?

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Báwo ni Ìbàdàn? Ṣé ara ìyá rẹ ti le dáadáa? Inú mi dùn pé wọ́n ti jẹ́ kí ìwọ náà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ọ́fíìsì yín, tó o bọ́ lọ́wọ́ kí o kàn máa to fáìlì láàárọ̀ kí o tún un tò lálẹ́. Inú mi tún wá dùn sí i pé ìbéèrè lo fi bẹ̀rẹ̀.

O ní oníbàárà kan na fóònù sí ọ lójú pé ẹ̀rọ ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ pé wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 33 ni bàálù ń lò láti Èkó dé London, bẹ́ẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì tí ìwọ tẹ̀ jáde fún wọn kọ wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀. Wọ́n wá bi ọ́ pé ta ló ń parọ́ nínú ìwọ àti fóònù. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà nídìí ètò ìrìnàjò bàálù ní Ìkẹjà, irú ìbéèrè yìí náà ni wọ́n máa ń fi ká mi mọ́ níbi àríyá, kí n tó rí àyè fọwọ́ kan ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó ń parọ́. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì dáhùn. Ṣùgbọ́n má gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi lásán. Mú bírò àti ìwé, kí á jọ ṣe é, torí ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí rí ló máa ń mọ ibi tí ẹ̀rọ ti fo nǹkan.

Gbogbo pápákọ̀ òfurufú ló ní nọ́ńbà méjì tó ń sọ ibi tó wà láyé. Èkíní ni bó ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé, ìyẹn ìlà ìbú. Èkejì ni bó ṣe jìnnà tó sí ìlà tó gba Greenwich kọjá ní London, ìyẹn ìlà òòró. Ti Murtala Muhammed ní Ìkẹjà jẹ́ dígírì 6.6 sí àríwá àti 3.3 sí ìlà oòrùn. Ti Heathrow ní London jẹ́ 51.5 sí àríwá àti 0.5 sí ìwọ̀ oòrùn. Ìlà Greenwich yẹn kan náà ló sọ̀kalẹ̀ títí tó fi gba Tema kọjá, nítòsí Accra. Nítorí náà, bó o bá dúró ní Ìkẹjà tó o kọjú sí àríwá gan-an, London fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kánkán rẹ. Díẹ̀ báyìí ló yà sọ́wọ́ òsì.

Dígírì kan láti gúúsù sí àríwá jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 111. Yọ 6.6 kúrò nínú 51.5, ó ku 44.9. Fi 111 sọ ọ́ di púpọ̀, wàá rí 4,984. Ó ku ti ẹ̀gbẹ́: 3.3 àti 0.5 jẹ́ 3.8. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra níbí yìí o. Dígírì ti ẹ̀gbẹ́ kì í gùn tó kìlómítà 111 àfi lórí ìlà agbedeméjì ayé nìkan, torí pé bí àwọn ìlà òòró ṣe ń lọ sókè ni wọ́n ń fún mọ́ ara wọn, títí gbogbo wọn á fi pàdé lójú kan ṣoṣo ní òpin àríwá. Ní ìdajì ọ̀nà Èkó sí London, dígírì kan ti ẹ̀gbẹ́ ti súnkì sí bíi kìlómítà 97. Fi 3.8 sọ 97 di púpọ̀, ó jẹ́ 369. Ó ti wá di onígun mẹ́ta tí Pythagoras kọ́ yín ní sẹ́kọ́ńdìrì nìyẹn: apá kan 4,984, apá kejì 369, o ń wá èyí tó dábùú. Ìdáhùn rẹ á fi kìlómítà méjì tàbí mẹ́ta dín sí 5,000.

Wo 5,000 yẹn dáadáa. Nígbà tí àwọn ará Faransé ń ṣètò mítà lẹ́yìn ọdún 1790, ohun tí wọ́n pinnu ni pé kí ọ̀nà láti òpin àríwá dé ìlà agbedeméjì ayé jẹ́ mílíọ̀nù 10 mítà, ìyẹn kìlómítà 10,000. Ìdí nìyẹn tí àyíká ayé fi súnmọ́ 40,000 gbọnrangandan. Ẹni tó wọ bàálù ní Èkó tó bọ́ sílẹ̀ ní London ti rin ìdá kan nínú mẹ́jọ àyíká ayé. Ó máa ń dùn mọ́ mi láti sọ ọ́ fáwọn tó ń ráhùn pé oúnjẹ inú bàálù kò gbóná.

Oníbàárà mìíràn á tún dé, á ní 3,107 ni òun rí níbì kan, 2,700 níbòmíràn. Kò síjà. Kìlómítà ni 5,000, máìlì orí ilẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò ni 3,107, máìlì orí omi ni 2,700. Ti orí omi yìí ni àwọn páílọ́ọ̀tì ń lò, mítà 1,852 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn awakọ̀ ojú omi ló ṣe é bẹ́ẹ̀ kí dígírì kan lè jẹ́ máìlì 60 géérégé. Èkó sí London jẹ́ dígírì 45, o sì rí i pé 45 lọ́nà 60 kò nílò ẹ̀rọ kankan. Bí ẹ̀rọ méjì bá sì fi kìlómítà bíi mélòó kan yàtọ̀ síra wọn, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan ka ayé sí róbótó pátápátá, èkejì sì rántí pé ayé yọ ìbàdí díẹ̀: bí a bá gba agbedeméjì wọn ọ́n, ó fi bíi kìlómítà 43 fẹ̀ ju òkè sí ìsàlẹ̀ lọ. Ìyẹn kò lè mú kí bàálù kankan pẹ́.

Wàyí o, má fi ìṣirò onígun mẹ́ta yẹn lọ New York. Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀. JFK, pápákọ̀ òfurufú New York, wà ní 40.6 sí àríwá àti 73.8 sí ìwọ̀ oòrùn. Bó o bá ṣe é bí a ṣe ṣe ti London, wàá rí nǹkan bíi 8,700, bẹ́ẹ̀ 8,440 ló jẹ́ ní tòótọ́. Ìwé pẹlẹbẹ ni Pythagoras ń ṣírò fún, ayé kò sì tẹ́ pẹlẹbẹ. Ó gbà wá láyè lọ́nà London torí pé ìrìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan. Bí ìrìn bá ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ púpọ̀ báyìí, ìṣirò mìíràn ló ń fẹ́, èyí tí àwọn ẹ̀rọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá. Fún ìyẹn, mo fọwọ́ sí i kó o lo ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n kó o lè fojú ara rẹ rí i, lọ yá glóòbù ní ilé ẹ̀kọ́ tí àbúrò rẹ ń lọ. Fi òwú kan lé Èkó lórí, fà á kó le dé New York. Wàá rí i pé òwú náà gba Burkina Faso, ó gba Mali àti Mauritania, kó tó bọ́ sórí òkun. Wá fi rúlà sórí máàpù tó wà lára ògiri ọ́fíìsì yín, láti Èkó sí New York: apá Senegal ni rúlà yóò gbà, nísàlẹ̀ dáadáa. Òwú ló tọ̀nà. Irú máàpù ara ògiri yẹn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gerardus Mercator ló gbé e jáde ní 1569 fún àwọn awakọ̀ ojú omi, kí wọ́n lè di ojú ibi kan mú lórí kọ́ńpáàsì láì yẹsẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe é fún ló ṣe. Kò ṣe é kí a máa fi wọn ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe é kí a máa fi wo bí ilẹ̀ ṣe tóbi tó: lórí rẹ̀, Greenland fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po 14. Bí ọ̀gá yín bá gbà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Ó yá, ká wá sí wákàtí. Bàálù ńlá bíi Boeing 787 tàbí Airbus A350, bó bá ti gòkè tán, máa ń sá tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan. Pín 5,000 sí 900, wàá rí wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 33. Ibi tí ẹ̀rọ oníbàárà rẹ dúró sí nìyẹn. Ó ka bàálù sí ohun tó ti wà lókè lórí Ìkẹjà, tó ń sáré tẹ́lẹ̀, tí yóò sì pòórá lórí Heathrow láì balẹ̀.

Ti tíkẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Àtìgbà tí bàálù bá ti ṣí kúrò níbi tí wọ́n páàkì ẹ̀ sí títí dìgbà tó bá páàkì níbi tó ń lọ ni wọ́n ń kà. Nínú ẹ̀ ni wọ́n ti ń tì í sẹ́yìn, tó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ sójú ọ̀nà ìgbéra, tó ń tò sẹ́yìn àwọn tó ṣáájú rẹ̀, tó sì ń gòkè fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti Heathrow, ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ méjì péré ló ní fún gbogbo èrò yẹn. Nítorí náà, wọ́n máa ń ní kí àwọn bàálù lọ máa yípo lókè Bovingdon, Lambourne, Ockham tàbí Biggin, nítòsí London, títí yóò fi kàn wọ́n. Ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé á rí i tí oòrùn ń bọ́ sọ́tùn-ún tó tún ń bọ́ sósì, á máa rò pé páílọ́ọ̀tì ṣìnà. Ilé iṣẹ́ bàálù ti fi gbogbo ìyẹn kún àkókò tí wọ́n kọ. Wọ́n tún máa ń fi díẹ̀ lé e, kí wọ́n lè dé kí àkókò tó pé, kí gbogbo èrò sì máa yìn wọ́n. Ọgbọ́n ni, kò sì burú.

Èyí tí èmi ń lò nìyí, kọ ọ́ síwájú ìwé rẹ: pín kìlómítà sí 850, kí o fi ìṣẹ́jú 30 kún un. Dán an wò. Èkó sí London: 5,000 pín sí 850 jẹ́ wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 53, fi 30 lé e, ó di 6 àti ìṣẹ́jú 23. Ó ti súnmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì yín pẹ́kípẹ́kí. Èkó sí Àbújá jẹ́ kìlómítà 511. Bó o bá fi 900 pín in, wàá sọ fún oníbàárà pé ìṣẹ́jú 34, á sì bú ọ. Fi tèmi ṣe é, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí ìrìn bá ṣe kúrú tó ni gbígbéra àti bíbalẹ̀ ń jẹ nínú ẹ̀ tó.

Ìṣirò yẹn yóò dójú tì ọ́ ní New York o. Yóò fún ọ ní wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 26, tíkẹ́ẹ̀tì á sì kọ 11 tàbí kó súnmọ́ 12 ní àlọ, á kọ 10 lé díẹ̀ ní àbọ̀. Ọ̀nà kan náà ni, bàálù kan náà ni. Atẹ́gùn ló yà wọ́n. Lókè lọ́hùn-ún, ní nǹkan bíi kìlómítà 10 sí 12 sókè, odò atẹ́gùn kan ń ṣàn láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, yíká ayé, ní ìpele tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù wà. Jet stream ni wọ́n ń pè é. Ìyára rẹ̀ máa ń lé ní 160 kìlómítà ní wákàtí, ìgbà mìíràn á lé ní 300, ó sì máa ń lágbára jù nígbà òtútù wọn. Bàálù tó ń ti Èkó lọ New York ń gun odò yẹn ní àgungòkè. Èyí tó ń bọ̀ ń bá a ṣàn. Ní February 2020, nígbà tí ìjì Ciara ń jà, bàálù British Airways kan, 747, ti New York dé London ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56, bẹ́ẹ̀ ó máa ń gbà ju wákàtí mẹ́fà lọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò yí padà. Ẹ̀fúùfù ló gbé e.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ohun tí atẹ́gùn bá gbà ní àlọ, á dá a padà ní àbọ̀. Kì í dá a padà tán. Ká ní ọ̀nà jẹ́ 8,000, ìyára 900, atẹ́gùn 100. Àlọ jẹ́ 800 ní wákàtí, ó gba wákàtí 10. Àbọ̀ jẹ́ 1,000, ó gba 8. Àpapọ̀ 18. Láìsí atẹ́gùn rárá, 17 àti ìṣẹ́jú 47 ni ì bá jẹ́. Ìdí ni pé o pẹ́ nínú atẹ́gùn búburú ju bó o ṣe pẹ́ nínú dáadáa lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ ìṣirò yìí gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí oníbàárà tó máa bi ọ́. London kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà yìí, torí pé gúúsù sí àríwá la ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni odò yẹn ti ń lu bàálù wa.

Ohun tí ẹ̀rọ kò sì lè mọ̀ rárá ni ìjọba. Ọ̀nà London láti Èkó gba òkè Niger, ó gba Algeria, ó sọdá òkun Mẹditaréníà sí Faransé. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní July 2023, wọ́n ti òfurufú wọn pa ní ọjọ́ 6 oṣù August, wọn kò ṣí i títí di ọjọ́ 4 September. Kìlómítà tó wà láàárín Èkó àti London kò fi ẹyọ kan lé sí i, ṣùgbọ́n gbogbo bàálù tó ń lọ ló ní láti yípo, epo wọ́n lé sí i, wákàtí náà lé sí i. Libya ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kì í fẹ́ gba orí ibẹ̀ mọ́. Bí oníbàárà bá bi ọ́ pé kí ló dé tí àwòrán bàálù orí fóònù òun ń wọ́, ó lè jẹ́ irú ìyẹn.

Aago ló máa ń dàrú mọ́ wọn lójú jù. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé bàálù kúrò ní Èkó ní aago 11 alẹ́, ó dé New York ní aago 5 ìdájí. Oníbàárà á ka ìka, á ní wákàtí mẹ́fà, á sì máa sọ kiri pé Amẹ́ríkà kò jìnnà. Aago ìlú tí bàálù wà ni wọ́n máa ń kọ. Nígbà òtútù, New York fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa; aago 5 wọn jẹ́ 11 òwúrọ̀ wa, nítorí náà wákàtí 12 ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wọ́n á ti aago wọn síwájú, ó di wákàtí márùn-ún, nọ́ńbà kan náà lórí tíkẹ́ẹ̀tì á sì túmọ̀ sí 11. Àwa kì í ti aago ní tiwa. London náà ń ti tiwọn: láti Sunday tó kẹ́yìn oṣù March dé èyí tó kẹ́yìn October, aago wa àti tiwọn jẹ́ ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Kọ déètì sílẹ̀ kó o tó yọ aago kúrò nínú aago.

Mo fẹ́ kí o tún ṣe ìṣirò kan fún ara rẹ, Èkó sí Salvador ní Bahia, ní Brazil. Ó wà ní 12.9 sí gúúsù àti 38.3 sí ìwọ̀ oòrùn. Ìdáhùn á jẹ́ nǹkan bíi 5,090. Ìyẹn ni pé ìlú tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ nínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ṣì ń bọ Ògún àti Ọ̀ṣun níbẹ̀ dòní, kò jìnnà sí Èkó ju London lọ àfi bíi 90 kìlómítà. Bó bá wá ṣe pé Lisbon ni tíkẹ́ẹ̀tì oníbàárà gbà, á rin bíi 3,790 lọ sókè, á tún rin bíi 6,500 bọ̀ sísàlẹ̀, á lé ní 10,000, láì ka wákàtí tó fi jókòó sórí àga irin. Nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ pé báwo ló ṣe jìnnà tó, bi wọ́n padà pé ibo ni wọ́n fẹ́ gbà.

Má gbàgbé Ìbàdàn sí Ìkẹjà náà. Kò tó kìlómítà 130, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí ó pẹ́ ju Èkó sí Àbújá ìlọ́po mẹ́ta lọ, ìwọ náà sì mọ márosẹ̀ yẹn. Wákàtí mẹ́ta ṣáájú ìgbéra ni kí wọ́n ti wà ní pápákọ̀. Lásìkò ọyẹ́, sọ fún wọn kí wọ́n má fi ohun pàtàkì sí ọjọ́ kan náà tí wọ́n máa dé, torí bí kùrukùru ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀nà Ìkẹjà, kò sí ìṣirò tó máa ṣí i.

Bàbá rẹ ní òun ń lọ sí Accra láti Èkó fún ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ òun, ó sì ní bí bàálù bá gbéra ní aago 12 ọ̀sán, ṣé òun lè bá wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní aago 2? Sọ fún un pé kìlómítà 400 ni, ó jẹ́ wákàtí kan bí a bá fi ìṣẹ́jú 30 wa kún un, Ghana sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Aago 12 ló kúrò, aago 12 ni yóò dé. Kó má kàn mú báàgì ńlá dání.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Abẹ́òkúta.